Orí Iṣẹ́ Dé, Ìrù Rẹ̀ Kò Dé

"Mo ránṣẹ́," ni Bàbá Toktosun wí. "Ẹ bi mí títí ilẹ̀ á fi ṣú, ohun tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu mi nìyẹn."

Kápútẹ́nì Burulay fa àpótí kan sún mọ́ ọn nínú yàrá àtìmọ́lé, ó jókòó. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni obìnrin yìí. Olú ìlú ẹkùn ni wọ́n ti rán an wá sí àfonífojì Kok-Bel, kì í ṣe pé kó wá wádìí nǹkan kan, bí kò ṣe kó wá fọwọ́ síwèé kí wọ́n lè gbé bàbá lọ sílé ẹjọ́. Ọkọ̀ tó máa gbé e ń bọ̀ lọ́la, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Àwọn tó rán an kò mọ irú ẹni tí wọ́n rán. Burulay kì í fọwọ́ sí ohun tí kò yé e, ó sì dá a lójú pé kò sí ohun tó lè pẹ́ kó tó yé òun.

Adágún ńlá kan wà lókè Kok-Bel, lábẹ́ àwọn òkè tí yìnyín kì í kúrò lórí wọn. Bàbá Toktosun ni olùṣọ́ rẹ̀. Bí omi bá gun kọjá àmì, iṣẹ́ bàbá ni pé kó tẹ ọ̀rọ̀ sórí kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú ahéré rẹ̀, ẹ̀rọ á gbé ọ̀rọ̀ náà gba afẹ́fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sí ọ́fíìsì omi ní ìsàlẹ̀, wọ́n á fọn fèrè, gbogbo èèyàn á sì sá kúrò létí odò. Lọ́jọ́ Ajé, omi já. Fèrè kò dún. Sagyn darandaran ń da àgùntàn kọjá lórí afárá nígbà náà. Omi gbé afárá, ó gbé àgùntàn, ó gbé Sagyn. Bàbá tí wọ́n tì mọ́lé yìí ló kọ́ Sagyn bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin nígbà tó wà ní kékeré, òun náà ni gbogbo Kok-Bel wá ń pè ní apànìyàn báyìí. Wọ́n ní ó mu wàrà ẹṣin kíkan yó, ó sùn lọ.

"Bàbá, kí lẹ kọ gan-an?" Burulay béèrè. "Ọ̀rọ̀ náà, bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́."

Bàbá gbójú sókè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un, kò sí ẹni tó bi í léèrè yẹn. Bóyá ó ránṣẹ́ ni gbogbo wọn ń bi í, kò sẹ́ni tó bi í pé kí ni iṣẹ́ náà wí. Ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni ń ka àdúrà:

"Kubat ọmọ mi, ẹ kú ilé o. Ara ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá yín ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń ro wọ́n ti fúyẹ́? Àgùntàn ńkọ́, ṣé wọ́n ń bímọ dáadáa? Mo gbọ́ lẹ́nu oníyọ̀ pé ẹṣin rẹ fẹsẹ̀ ṣèṣe lánàá, ẹsẹ̀ náà ńkọ́? Ọlọ́run á wò ó sàn. Omi adágún ti kọjá àmì, ó ń ya bọ̀. Ẹ kó gbogbo èèyàn kúrò létí odò kíákíá."

Burulay wò ó. "Omi ń ya bọ̀, Bàbá, ẹ sì ń béèrè ẹsẹ̀ ẹṣin."

"Ṣé kí n kàn já wọlé ọmọ ọlọ́mọ, kí n máa pariwo ikú sí i létí láìkí i? Olè ló ń wọlé bẹ́ẹ̀." Ohùn bàbá le díẹ̀. "Iṣẹ́ kan náà ni, ọmọ mi. Kì í ṣe pé ìkíni á kọ́kọ́ rìn lọ kí omi tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń dé. Ẹni tó bá rí orí rẹ̀ á rí ìrù rẹ̀. Mo sì rán an lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí wọ́n ṣe kọ́ mi."

"Ẹ̀rọ yín ńkọ́, kí ló sọ?"

"Ó ní ó ti lọ. Ohun tó mọ̀ ọ́n sọ nìyẹn."

Burulay kò bá a jiyàn. Inú ilé tí wọ́n ti ń béèrè àlàáfíà àgùntàn kí wọ́n tó béèrè ti àlejò ni wọ́n ti tọ́ òun náà dàgbà. Ó dìde, ó fa ìbòrí rẹ̀ mọ́ra, ó ní kí wọ́n fún bàbá ní tíì gbígbóná.

Ọ́fíìsì omi mọ́ rekete. Enjiníà Marlen, ẹni tó kọ ètò tó ń gba iṣẹ́ láti òkè, ni ó ni ìmọ́tótó náà, ó sì ń jẹ́ kí èèyàn mọ̀. Ó ti fi pátákó oníná ńlá kan kọ́ sára ògiri. Lókè pátákó ni àwọn nọ́ńbà wà, bí òkè ṣe tutù sí àti bí òjò ṣe rọ̀ tó, wọ́n ń yí padà ní gbogbo ìgbà. Gíga adágún kò sí níbẹ̀, ojú bàbá ló ń wọn ìyẹn. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí bàbá bá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ máa ń jókòó sí. Bí tuntun bá dé, ti àtijọ́ á lọ, kò sì sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Burulay ní kó ṣàlàyé bí iṣẹ́ ṣe ń rìn, kó fi èdè tó yé gbogbo èèyàn sọ ọ́. Inú Marlen dùn. Ó ní ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ti àkọ́kọ́ dà bí ìpè fóònù: o pè, wọ́n gbé e, ẹ jọ ń dáhùn ara yín títí ẹ fi parí. Èkejì, tí àwọn ń lò, dà bí ìdì ẹrù tí èèyàn jù sí àgbàlá ẹlòmíràn. O kọ àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà ilẹ̀kùn sí i lára, o jù ú, o bá tìrẹ lọ. Ìdì kan, ọ̀rọ̀ kan.

"Ta ló ń fọwọ́ gbà á?"

"Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ gbà á, Màdáámù. Ó rọrùn nìyẹn, ó yá, kò sì jẹ iná. Ẹ̀rọ yòówù tó bá ń tẹ́tí sí nọ́ńbà ilẹ̀kùn yẹn ní gbogbo àfonífojì, gbogbo wọn á gbọ́ ọ pọ̀."

"Bó bá sọnù lọ́nà ńkọ́?"

"Ó sọnù nìyẹn. Ẹni tó jù ú kò ní mọ̀, ẹni tí wọ́n jù ú sí náà kò ní mọ̀. Ìdí tí a fi ní kí bàbá máa rán an lẹ́ẹ̀mẹ́ta nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, gbogbo nọ́ńbà ló ń dé látàárọ̀ dalẹ́, kò sí ọ̀kan tó sọnù. Kí wá ló dé tí ti bàbá nìkan máa fi sọnù lẹ́ẹ̀mẹ́ta? Ohun tí wọn kò rán ni kì í dé. Mi ò bínú sí i o, àgbà ló ń dà á láàmú. Ẹsẹ̀ ẹṣin ẹlẹ́ṣin ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ju omi tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ lọ."

Ó gbé ìkòkò tíì, ó bu tíì fún Burulay, ó bù ú kún abọ́ náà dé ẹnu. Ní Kok-Bel, ìlàjì ni wọ́n ń bu tíì fún àlejò, kí wọ́n lè máa rí àyè bù sí i. Ẹni tí wọ́n bá bù ú kún fún, wọ́n ní kó máa lọ ni. Burulay wo abọ́ náà, ó wo Marlen, ó mu tíì náà tán láìkánjú. Ó ní kó bu òmíràn.

Kubat, akọ̀wé ọ́fíìsì náà, ni wọ́n ní kó máa wo pátákó lọ́jọ́ Ajé. Ilé ẹṣin lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni Burulay ti bá a, ó ń wé aṣọ mọ́ ẹsẹ̀ abo ẹṣin pupa kan. Ní kété tó rí i níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti sọ sí i lọ́kàn: ọkùnrin yìí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹṣin rẹ̀ fẹsẹ̀ ṣèṣe lọ́jọ́ Àìkú, omi dé lọ́jọ́ Ajé, ibi ẹsẹ̀ ẹṣin ló wà nígbà tí iṣẹ́ dé. Ó sì lè jẹ́ pé òun ló nu iṣẹ́ náà kúrò nígbà tó rí ohun tó ti ṣẹlẹ̀.

Ó sọ ọ́ sí i lójú. Kubat kò sá. Ó ní òótọ́ ni pé òun yọjú wo ẹṣin náà ní àárọ̀, ṣùgbọ́n òun ti padà sídìí pátákó kí oòrùn tó ga, ìyá arúgbó tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì sì wà níbẹ̀ tó rí òun. Burulay ti bi ìyá náà kó tó wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá náà wí, ó sì fi kún un pé Kubat kò tilẹ̀ dìde lọ tọ̀. Ọ̀nà yẹn dí. Burulay gba òmíràn.

"Ọlọ́pàá bi ọ́ bóyá iṣẹ́ dé nípa omi, o ní rárá."

"Òótọ́ ni mo sọ, ẹ̀gbọ́n. Mo lè fi àwọn ọmọ mi búra."

"Má fi ọmọ búra. Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ kì í ṣe ti omi. Ṣé bàbá kí ọ lọ́jọ́ yẹn?"

Ọwọ́ Kubat dúró lórí aṣọ tó ń wé. Ẹṣin náà mí fìn-ín.

"Ó kí mi."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ìkíni kan náà. Mo ní bàbá ti ń gbàgbé." Ó ta aṣọ náà ní kókó. "Ẹ̀gbọ́n, ìkíni kì í ṣe iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí nípa ìkíni."

"Kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀?"

"Ẹṣin yìí. 'Ẹsẹ̀ náà ńkọ́?' Ibẹ̀ ló parí sí, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀."

"O dá a lóhùn?"

Kubat dorí kodò. Ó ní rárá. Ó ní bí òun bá dáhùn, bàbá á tún bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn ọmọ, òun sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni ojú ti ń ti òun. Àgbà kí èèyàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èèyàn dákẹ́, ta ló máa ròyìn irú rẹ̀? Òun kò sọ ọ́ fún ìyàwó òun pàápàá.

"Kò sẹ́ni kankan tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, àfi èmi?"

"Àfi ẹ̀yin."

Burulay na ọwọ́ gbá ẹṣin náà lọ́rùn jẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ ti ń tò. Nọ́ńbà, tí kò ju èékánná lọ, ń dé ní pípé. Iṣẹ́ bàbá, tó gùn bí òpópónà, orí rẹ̀ dé, ìrù rẹ̀ kò dé. Kò sọnù lọ́nà, nítorí ohun tó sọnù lọ́nà, àtorí àtìrù rẹ̀ ló ń sọnù. Ibi tí wọ́n ti gbà á ni wọ́n ti gé e.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Sájẹ́ǹtì Temir, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá Kok-Bel, gun ẹṣin lọ sí ahéré bàbá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bàbá nínú àpò, kó lè tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ láti ibẹ̀, Burulay sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má yọ ọ̀kan kúrò, kó má sì fi ọ̀kan kún un. Burulay, Marlen, Kubat àti ọ̀gá ọlọ́pàá Kok-Bel dúró níwájú pátákó. Ọ̀gá ọlọ́pàá ti mú ìwé tí Burulay máa fọwọ́ sí dání.

Ọ̀rọ̀ yọ sórí pátákó. Kubat ọmọ mi, ẹ kú ilé o. Ó kọjá ìyàwó, ó kọjá àwọn ọmọ, ó kọjá àgùntàn, ó dé ẹsẹ̀ ẹṣin, kò dúró. Ọlọ́run á wò ó sàn. Omi adágún ti kọjá àmì, ó ń ya bọ̀. Ẹ kó gbogbo èèyàn kúrò létí odò kíákíá. Ó pé pérépéré, ó gba ìsàlẹ̀ pátákó, ó sì ti díẹ̀ nínú àwọn nọ́ńbà kúrò lójú ọ̀nà.

"Ẹ ti rí i," ni Marlen wí. Kò gbé ohùn sókè, kò nílò rẹ̀. "Ohun tí wọ́n bá rán ń dé."

Ọ̀gá ọlọ́pàá na ìwé àti bírò sí Burulay. Ó ní ọkọ̀ ti kúrò nílùú, kò ní pẹ́ dé. Kubat, tó ti rò pé ìrètí dé fún bàbá, wo ilẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá ti fọwọ́ sí i. Inú Burulay dùn ni. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tún gé lónìí, ìyẹn jẹ́ àṣìṣe ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kò sì ṣeé fi sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n ohun tó gé lọ́jọ́ Ajé, tó pé lónìí, ọwọ́ èèyàn ló tún un ṣe, ẹni tó sì tún un ṣe ti mọ̀ pé ó bàjẹ́. Ó dá bírò padà, ó ní òun ń lọ fẹ́ afẹ́fẹ́, ó fi ojú pe Kubat pé kó tẹ̀ lé òun.

Níta, ó bi í pé ta ló wà lọ́fíìsì lẹ́yìn tí omi já. Kubat ní Enjiníà ni, ó sáré dé, ó ní kí òun lọ bá àwọn èèyàn wá Sagyn létí odò, pé Enjiníà fúnra rẹ̀ á jókòó ti pátákó. Burulay mi orí. Ó rántí gbólóhùn kan tí Marlen fi ẹnu ara rẹ̀ sọ: ẹ̀rọ yòówù tó bá ń tẹ́tí, gbogbo wọn á gbọ́ ọ pọ̀.

"Kubat, ibo tún ni wọ́n ti ń tẹ́tí sí bàbá yàtọ̀ síbí?"

Kubat ronú. "Ilé ìwòsàn kékeré tó wà lórí gegele nítòsí ibi tí afárá wà tẹ́lẹ̀. Enjiníà gbé ọ̀kan síbẹ̀ nígbà tí àwọn àlejò pàtàkì fẹ́ wá láti olú ìlú. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ń wò ó."

Kò sẹ́ni tó ń wò ó lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì Zuura, tó ti ń gbẹ̀bí fún Kok-Bel kí Burulay tó wọ ilé ìwé, ti fi aṣọ aláràbarà kan bò ó mọ́lẹ̀, ó gbé ìkòkò òdòdó lé e. Ó ní ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí àwọn ìyá ọmọ sùn, àti pé àwọn aláìsàn rò pé nọ́ńbà tó ń yí níbẹ̀ ni iye ọjọ́ tó kù fún wọn láyé.

"Ẹ̀gbọ́n Zuura, ṣé ẹ pa á ni?"

"Enjiníà ní kí n má fọwọ́ kàn án. Mi ò fọwọ́ kàn án. Aṣọ ni mo fi bò ó."

Burulay gbé ìkòkò òdòdó sílẹ̀, ó ká aṣọ náà kúrò. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà wà lókè. Ìkíni tí Temir ṣẹ̀ṣẹ̀ rán wà nísàlẹ̀, gbogbo wọn sún mọ́ ọn láti kà á. Ẹ kú ilé o. Ara ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó dé ẹsẹ̀ ẹṣin. Ẹsẹ̀ náà ńkọ́? Kò sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Kubat fọwọ́ bo ẹnu. "Ibi tó parí sí nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ibẹ̀ gẹ́lẹ́."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o," ni Burulay sọ fún Zuura.

"Mo ti ní mi ò fọwọ́ kàn án látijọ́," ni Zuura dáhùn, ó sì jókòó síwájú ẹ̀rọ náà bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tuntun.

Nígbà tí Burulay padà dé ọ́fíìsì, ọkọ̀ ilé ẹjọ́ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Toktosun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láàárín ọlọ́pàá méjì. Burulay ní kí wọ́n mú un wọlé, kó wá jókòó. Ó ní òun máa fọwọ́ síwèé, ṣùgbọ́n òùngbẹ ń gbẹ òun. Marlen fúnra rẹ̀ gbé ìkòkò tíì wá. Burulay gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa abọ́ kékeré kan sún mọ́ ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu tíì sí i. Abọ́ kún. Kò dá ọwọ́ dúró. Tíì ṣàn sórí tábìlì, ó ṣàn délẹ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá fa bàtà rẹ̀ sẹ́yìn.

"Enjiníà, abọ́ yìí, ṣé ó pariwo pé òun kún?"

Marlen wo tíì tó ń ṣàn nílẹ̀.

"Kò pariwo. Ó gba èyí tó lè gbà, ìyókù lọ sílẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè kó o padà. Ẹni tó bá wo inú abọ́ nìkan á sọ pé tíì tó wá kò ju báyìí lọ. Ẹ̀yin lẹ sọ fún ètò yín bí abọ́ tó fi ń gba iṣẹ́ á ṣe tóbi tó. Nígbà tí àwọn àlejò ń bọ̀ láti olú ìlú, ẹ dín abọ́ kù, kí ìkíni bàbá má bàa bo nọ́ńbà yín lójú wọn. Lẹ́yìn tí omi já, ẹ tún un fẹ̀ padà, ẹ nu ojú pátákó, ẹ ní kò sí iṣẹ́ tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé abọ́ tó wà nílé ìwòsàn. Ìkíni òwúrọ̀ yìí wà níbẹ̀ báyìí. Ó gé."

Ojú Marlen yí, ṣùgbọ́n ó ṣì gbìyànjú. Ó ní ẹ̀rọ ilé ìwòsàn jẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò fi ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí hàn, ó sì lè jẹ́ pé ọmọdé kan ló tẹ̀ ẹ́ bàjẹ́. Kò burú, ó gbọ́n. Ṣùgbọ́n irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan péré ni òtítọ́ á bá a.

"Ó dáa," ni Burulay wí. "Lánàá, ẹ sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ẹṣin ẹlẹ́ṣin ń jẹ bàbá lọ́kàn ju omi lọ. Ta ló sọ fún yín?"

"Gbogbo Kok-Bel ló mọ̀ pé ẹṣin Kubat fẹsẹ̀ ṣèṣe."

"Wọ́n mọ̀ pé ó fẹsẹ̀ ṣèṣe. Ta ló sọ fún yín pé bàbá béèrè rẹ̀? Bàbá kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àfi èmi. Kubat kò sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo tún ni ọ̀rọ̀ yẹn wà, ojú pátákó yìí, lọ́jọ́ Ajé. Ẹ rí iṣẹ́ bàbá, Enjiníà. Ẹ rí i pé ó ránṣẹ́, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tì í mọ́lé."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Marlen wá ibi tó máa jókòó sí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò sọ̀rọ̀ bí enjiníà mọ́. Ó ní àwọn àlejò ti rẹ́rìn-ín ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n wá, pé ṣé ẹ̀rọ omi rèé tàbí ilé ìsọmọlórúkọ. Ó ní òun kàn fẹ́ kí pátákó náà mọ́ ni. Òun kò mọ̀ pé ìparí ọ̀rọ̀ ni bàbá máa ń fi omi sí. Bí òun ṣe rí ìkíni yẹn lórí pátákó lọ́jọ́ Ajé, tí ó parí síbi tó parí sí, ni òun ti mọ ohun tí òun ṣe.

"Èyí tí ẹ gé, àṣìṣe ni," ni Burulay wí. "Mi ò wá nítorí rẹ̀. Èyí tí ẹ rán, ìyẹn bàbá yìí tí ẹ fẹ́ rán lọ sẹ́wọ̀n dípò ara yín, òun ni mo wá gbà."

Ó mú ìwé, ó fa ìlà gba orúkọ Toktosun kọjá, ó kọ ti Marlen sókè rẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Ọkọ̀ ilé ẹjọ́ kò padà lófo.

Bàbá Toktosun kò tíì dìde lórí ìjókòó. Ọ̀gá ọlọ́pàá ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi bẹ̀ ẹ́. Burulay bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú bàbá, ó ní ẹ̀bẹ̀ kan ló kù tí òun fẹ́ bẹ̀ ẹ́: láti òní lọ, kó máa fi omi ṣáájú, kí ìkíni tẹ̀ lé e.

Bàbá jiyàn. Ó ní ìwà ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ, kì í ṣe pé kí ọmọ wá máa jẹ́ iṣẹ́ bí ẹrú. Burulay jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán, ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Nítorí Sagyn, Bàbá." Omi bọ́ lójú bàbá, kò nù ún. Ó ní ó dáa.

Burulay kò tètè kúrò ní Kok-Bel. Ó dúró títí wọ́n fi kọ gbogbo ọ̀rọ̀ Marlen sílẹ̀, tí ẹni mìíràn láti ìlú sì ti wá sọ abọ́ ètò náà di ńlá níbi gbogbo. Lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ, ó yà sí ọ́fíìsì omi kó dágbére. Kubat nìkan ló wà níbẹ̀, ó jókòó sí ìdí pátákó. Àárọ̀ ni, bàbá sì ti padà sókè, sí ahéré rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yọ. Omi wà nísàlẹ̀ àmì lónìí, kò sí ewu. Kubat ọmọ mi, ẹ kú ilé o. Ara ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá yín ńkọ́? Àgùntàn ńkọ́? Ẹsẹ̀ ẹṣin yẹn ńkọ́?

Kubat kà á tán. Burulay rí i pé ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ká ní mo dá a lóhùn lọ́jọ́ Ajé," ni Kubat wí. "Ká ní mo kàn ní ẹsẹ̀ ẹṣin ń san, ẹ ṣeun. Bàbá ì bá ti wò ó pé, kí ló dé tí ọmọ yìí kò sọ nǹkan kan nípa omi. Ì bá ti mọ̀ pé kò dé ọ̀dọ̀ mi. Ì bá ti gun ẹṣin sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Àyè wà. Àyè wà dáadáa kí Sagyn tó dé orí afárá."

Burulay ti mọ èyí láti ilé ẹṣin. Kò fẹ́ kó jẹ́ òun ló máa sọ ọ́ fún un. Kò purọ́ ìtùnú fún un nísinsìnyí náà, ó kàn gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Kò sí ibì kankan nínú ètò náà tí wọ́n ti ní kí ẹni tó gba iṣẹ́ dáhùn. Kubat fa pátákó ìtẹ̀wé sún mọ́ra, ó kọ àdírẹ́sì ahéré sí i àti nọ́ńbà ilẹ̀kùn, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó rán an:

Mo gbọ́ ti omi, Bàbá. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ dé ìrù. Ara le, ìyàwó wà, àwọn ọmọ wà, ẹ̀yìn ìyá ti fúyẹ́ díẹ̀, àgùntàn ń bímọ, ẹsẹ̀ ẹṣin ti ń san. Ẹ̀yin náà ńkọ́?